Àna Tó Wá Tọrọ Eégbọn

Ọmọ mi obìnrin dé láti Kùtọnu ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan pẹ̀lú àpótí aláwọ̀ búlúù, irú èyí tí a máa ń kó yìnyín àti ohun mímu sí bí a bá ń lọ síbi ìnáwó. Mo ṣebí ẹja ló rà bọ̀ fún mi. Mo bá a gbé e wọlé, mo ṣí i. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ bí kò ṣe àwọn ìgò kéékèèké tí a fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ dé lórí, òwú díẹ̀, àti ẹ̀mú tín-ínrín kan bí èyí tí a fi ń yọ ẹ̀gún.

"Ẹja dà?" ni mo bi í.

"Bàbá, n kò ra ẹja. Eégbọn ni mo wá kó."

Mo rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti rẹ́rìn-ín nínú yàrá yẹn, ohùn mi sì ṣàjèjì sí mi létí.

Ìyá rẹ̀ kú ní àsìkò ọyẹ́ tó kọjá. Èmi àti rẹ̀ ti jọ ń gbé ilé yìí ní Pobẹ̀ láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ lísẹ̀, ìyẹn ilé ẹ̀kọ́ girama, ní ẹ̀kọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí. Òun ń ta oògùn ẹran ọ̀sìn nínú ìsọ̀ kan lẹ́bàá ọjà. Kò sí àgbẹ̀ tó ní ewúrẹ́ méjì ní gbogbo agbègbè wa tí kò mọ̀ ọ́n. N kò fẹ́ sọ púpọ̀ nípa ikú náà. Ẹni tó ti rí irú rẹ̀ mọ bó ṣe rí. Ẹni tí kò tíì rí i, kí Ọlọ́run má jẹ́ kó tètè rí i. Ọ̀rọ̀ eégbọn ni mo fẹ́ kọ, nítorí òun ló kọ́kọ́ mú mi jáde nílé pẹ̀lú ara tó yá lẹ́yìn ìgbà náà.

Nígbà tí a jẹun tán, ọmọ náà ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀ fún mi. Mo ti fi irú ẹ̀kọ́ yìí kọ́ ọmọ rí, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n mọ̀ lónìí ti fi ìwé ìgbà tiwa sílẹ̀ jìnnà. Ó ní nínú awọ èèyàn àti ti ẹranko, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tí a lè pè ní ìyá àwọn yòókù. Sẹ́ẹ̀lì tó ti gbó ń kú, ó ń bọ́ dànù. Àwọn ìyá yìí ń pín ara wọn, wọ́n ń bí òmíràn rọ́pò rẹ̀. Bí ọ̀bẹ bá gé ọ lọ́wọ́, àwọn ni wọ́n máa ń pọ̀ sí i kíákíá kí ojú ọgbẹ́ lè padé.

"Ó dáa," ni mo wí. "Kí ló wá kan eégbọn níbẹ̀?"

"Bàbá, ẹ rò ó wò. Eégbọn á dá awọ màlúù lu, á ti ẹnu bọ inú ihò náà, á jókòó síbẹ̀ fún ọjọ́ pípẹ́. Kí ló dé tí ihò yẹn kì í jinná mọ́ ọn lẹ́nu?"

Láti kékeré ni mo ti ń rí eégbọn lára ẹran, n kò sì bi ara mi ní ìbéèrè yẹn rí.

"Itọ́ rẹ̀ ni," ó wí. "Bó ṣe ń mu ẹ̀jẹ̀ ló ń tutọ́ sínú ọgbẹ́ náà. Itọ́ yẹn kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kì í sì í jẹ́ kí màlúù mọ̀ pé nǹkan ń bu òun jẹ. Ohun tí èmi ń wá ni ohun tó ń ṣe sí àwọn sẹ́ẹ̀lì ìyá. Ṣé ó ń dá wọn dúró ni, àbí ó ń mú kí wọ́n pọ̀ sí i? Bí a bá mọ̀ ọ́n, ó lè wúlò lọ́jọ́ kan fún egbò tí kò fẹ́ jinná, àti fún àwọn ohun tó ń hù lára ju bó ṣe yẹ lọ."

Ohun tó hù ju bó ṣe yẹ lọ ló pa ìyá rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló wá sọ ibi tí bàtà ti ń ta á lẹ́sẹ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń tọ́ sínú àwo ní ilé ìwádìí ti tó lò. Wọn kì í dúró de ẹnikẹ́ni: bí ọ̀sẹ̀ náà bá parí kí itọ́ tó kàn wọ́n, wọn yóò ti yí padà di nǹkan mìíràn, yóò sì di àtúnbẹ̀rẹ̀. Àwọn eégbọn tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i láti apá òkè ilẹ̀ wa ti kú sójú ọ̀nà. Ọ̀gá rẹ̀ sì ti wí fún un pé bí èyí náà bá bàjẹ́, òun yóò gbé àyè rẹ̀ fún ẹlòmíràn tó ti ń dúró.

"Ọ̀la nìkan ni mo ní, Bàbá. Bí n kò bá rí eégbọn ààyè gbé padà, iṣẹ́ náà tán nìyẹn."

"Eégbọn!" ni mo wí. "Ní agbègbè wa níbí? Lọ sùn jàre. Ohun tí a ní jù lọ nìyẹn."

Mo ní ọ̀rẹ́ kan ní Ìsàbà. Àgbẹ̀ ni, a jọ jókòó lórí bẹ́ńṣì kan náà nígbà tí a wà lọ́mọdé, ó sì ní màlúù tó pọ̀ díẹ̀. Mo fóònù sí i lójú ẹsẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, èèyàn kì í pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ kó ní, "Ọmọ mi ń bọ̀ wá kó eégbọn ara màlúù rẹ." Bí ìgbà tí o ní ìyàwó rẹ̀ kì í gbálẹ̀ ni. Nítorí náà mo rọra gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀. Mo ní, "Ọmọ mi obìnrin dé. Ó fẹ́ wá wo àwọn màlúù rẹ lọ́la."

"Èwo? Dókítà wa?"

"Òun náà ni."

"Ó fẹ́ wo màlúù mi? Kó máa bọ̀! Yóò rí màlúù!"

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, a gun sẹmijáànì méjì, àwọn alùpùpù tó ń gbé èrò, ó di Ìsàbà. Àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó ń lọ sí Onígbòlò láti gbé sìmẹ́ńtì ti bu eruku funfun sí gbogbo ewé tó wà lẹ́bàá ọ̀nà. Ọmọ mi gbé àpótí rẹ̀ lé itan. Mo ń gbọ́ tí ẹni tó gbé e ń bi í pé, "Àǹtí, kí lẹ gbé báyìí?" Ó dáhùn pé, "Ilé eégbọn ni." Ọkùnrin náà kò tún bi í ní nǹkan mìíràn títí a fi débẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi ti wọ aṣọ ọdún dúró dè wá. Ó fà mí lọ́wọ́ lọ sẹ́yìn ilé, níbi tó so àwọn màlúù náà mọ́ ìdí ọ̀pẹ. N kò rí irú rẹ̀ rí. Wọ́n ń dán. Wọ́n ti fi ọṣẹ wẹ̀ wọ́n, wọ́n ti fi òróró pa ìwo wọn, etí wọn mọ́ bí etí ọmọ tó ń lọ sí ìjọ.

"Ẹ fọwọ́ kàn wọ́n!" ni ọ̀rẹ́ mi ń pariwo. "Dókítà, tú etí wọn wò! Wo abẹ́ ìrù! Bí o bá rí eégbọn kan ṣoṣo, kí n má jẹ́ ọmọ bàbá mi."

Ọmọ mi tú etí wọn wò. Ó wo abẹ́ ìrù. Ó wo àárín itan. Ó wá gbé ojú sókè, ó wò mí.

"Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá," ó wí fún ọ̀rẹ́ mi, ohùn rẹ̀ ti rọ̀. "Wọ́n mọ́ gan-an. Ṣùgbọ́n eégbọn gan-an ni mo wá wá."

Ọ̀rẹ́ mi yíjú sí mi. "Kí ló wí?"

Mo ṣàlàyé fún un. Bí mo ti ń sọ ọ́ ni ẹnu rẹ̀ ń là sí i.

"Ìwọ ọkùnrin yìí! Kí ló dé tí o kò sọ bẹ́ẹ̀ lórí fóònù?"

"Bí mo bá bi ọ́ bóyá màlúù rẹ ní eégbọn, kí lo máa wí?"

"Láéláé ni n kò ní gbà!"

"Ìwọ náà rí i."

Ó jókòó lórí òkúta, ó gbá orí mú. Ó ní ìgò oògùn eégbọn kan tó rà lọ́wọ́ ìyàwó mi ló kù nílé, èyí tí obìnrin náà kìlọ̀ fún un pé kó máa bu omi púpọ̀ là. Ó lo ìdajì rẹ̀ fún tirẹ̀. Èyí tó kù, ó pín in fún àwọn ará àdúgbò kí ojú má baà ti ìlú bí dókítà bá yà lọ́dọ̀ wọn.

"Gbogbo àdúgbò?" ni ọmọ mi bèèrè.

"Títí dé Ìgánà," ọ̀rẹ́ mi wí. Àbámọ̀ ni mo rò pé ó fẹ́ fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n ìgbéraga ló gbẹ̀yìn ohùn rẹ̀.

Ọmọ mi dúró ti màlúù kan, ó ń fi ọwọ́ pa á lọ́rùn. Ó ní, "Oògùn Màmá mi ló ṣe mí báyìí." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Kò yíjú sí wa fún ìgbà díẹ̀.

A kò ṣíwọ́ o. A yà sí agboolé kan, a yà sí òmíràn. Ẹran tí wọn kò tíì fi oògùn fọ̀ wà níbẹ̀ dájúdájú, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó fẹ́ jẹ́wọ́. Obìnrin kan tó ń pa ẹ̀kùrọ́ wò wá láti òkè délẹ̀. "Eégbọn kẹ̀? Nílé wa? Ẹ lọ bi wọ́n ní ilé tó wà lẹ́yìn yẹn." Nígbà tí a dé ilé tó wà lẹ́yìn, bàbá ibẹ̀ dìde dúró. "Àwọn ìyẹn ló ní kí ẹ wá, àbí? Mo mọ̀ ọ́n! Ẹ padà sọ fún wọn pé ewúrẹ́ tiwọn ló kó o ran ajá wọn, kì í ṣe tèmi." Ó ti ewúrẹ́ tirẹ̀ wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

Oòrùn ti yí. Ọmọ mi jókòó lórí àpótí rẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà. Bí mo ti ń wo ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ ni ọkàn mi lọ sí Sakẹ́tẹ́.

Sakẹ́tẹ́ ni ilé àwọn ẹbí ìyàwó mi. Ìyá rẹ̀ ṣì wà láyé, ó ń sin àgùntàn, ó sì ní màlúù kúkúrú kan. Ní gbogbo ìgbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀, ìyàwó mi máa ń gbé oògùn lọ síbẹ̀, á wẹ ẹran ìyá rẹ̀ fún un. Mo mọ̀ pé òjò ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yìí, kò sì sí ẹni tó lọ.

N kò tíì dé ilé náà láti ìgbà tí a ti ṣe ètò ìsìnkú tán. N kò mọ ojú tí mo fẹ́ fi wo ìyá yẹn. Yàtọ̀ sí ìyẹn, àna kì í wọ ilé àna lọ́wọ́ òfo. Àna ń mú nǹkan lọ ni. Bó bá máa tọrọ, ohun iyì ló ń tọrọ. Kí n wá dọ̀bálẹ̀ síwájú ìyá tó bí ìyàwó mi láti tọrọ kòkòrò ara àgùntàn rẹ̀?

Mo wo ọmọ náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo nawọ́ dá takisí dúró.

Ìyá àgbà wà lórí ẹní lábẹ́ igi ọsàn nígbà tí a wọlé. Mo dọ̀bálẹ̀. Ọmọ mi kúnlẹ̀.

"Àna mi," ó wí. "Ó ti pẹ́."

"Ó ti pẹ́, Ìyá."

Ó ní kí wọ́n fún wa lómi. Àwọn ìyàwó ilé jáde wá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láti kí wa: ìyálé wọn, tó jẹ́ obìnrin gíga tí ohùn rẹ̀ ń ha bí ohùn ọkùnrin, àti ìyàwó kékeré wọn tó pọn ọmọ sẹ́yìn. Ìyàwó mi ni wọ́n máa ń pè ní ọkọ wọn, torí pé ọmọ ilé ni. Wọn kì í sì í ṣàánú èmi tí mo gbé ọkọ wọn lọ. Mo bu omi mu. Mo ní:

"Ìyá, mo wá tọrọ nǹkan lọ́wọ́ yín ni."

Mo rí i tí ìyálé fi ìgbọ̀nwọ́ gún ìyàwó kékeré. Ìyá gbé ojú sókè, ó wò mí jinlẹ̀, mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ wá mọ ohun tí wọ́n ń rò. Nílẹ̀ wa, bí ìyàwó ẹni bá kú, ọkọ lè padà wá sílé àna kó ní kí wọ́n fi àbúrò rẹ̀ rọ́pò rẹ̀ fún òun. Àwọn ìdílé kan ṣì ń ṣe é. Wọ́n ti rò pé èmi náà wá fún ìyẹn.

"Ọmọ ilé wa tó kù kò pọ̀ mọ́," Ìyá wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ṣùgbọ́n sọ ọ́."

"Eégbọn ni, Ìyá."

"Kí ni?"

"Eégbọn. Ti ara àgùntàn."

Adìẹ kan kọjá láàárín wa. Lẹ́yìn náà ni ìyálé bú sí ẹ̀rín, ó fi ọwọ́ gbá itan, ó fẹ̀yìn ti ògiri.

"Yéè! Mo rí àna tó tọrọ ìyàwó, mo rí èyí tó tọrọ ilẹ̀! Èyí tó tọrọ eégbọn, òní ni mo rí i!"

"Ṣé ẹ fẹ́ fi se ọbẹ̀ ni?" ni ìyàwó kékeré bèèrè.

"Fi í sílẹ̀," ìyálé dá a lóhùn. "Ọkùnrin tí kò ní aya nílé, ohun tó bá rí ló ń sè."

Ìyá pàápàá ń rẹ́rìn-ín. Èjìká rẹ̀ ń mì, ó ń fi etí aṣọ nu ojú. Mo ti ń gbé ẹ̀rù ojú yẹn kiri láti ìgbà ìsìnkú, ẹ̀rín ló kún inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, ó tún jókòó ṣinṣin.

"Àna mi, ta ló sọ fún ọ pé àgùntàn mi ní eégbọn?"

Ìdáhùn náà lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ọmọ mi ń wo ilẹ̀.

"Kò sẹ́ni tó sọ ọ́, Ìyá. Ẹni tó máa ń wẹ̀ wọ́n ni mo mọ̀."

Ó mi orí lọ́pọ̀ ìgbà. "Òótọ́ ni," ó wí. "Òótọ́ ni. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn wọ́n mọ́." Ó na àgbọ̀n sí ọ̀nà ọgbà ẹran. "Ẹ kó wọn jáde. Kí ọmọ ọmọ mi wá yan èyí tó wù ú."

Ẹ̀yin èèyàn mi, eégbọn wà! Ó wà nínú etí, ó wà lábẹ́ apá, ó tò sí abẹ́ ìrù bí ọmọ ilé ìwé tó tò láti wọ kíláàsì. Ọmọ mi kígbe bí ẹni tó rí wúrà. Ó ní kì í ṣe gbogbo wọn lòun fẹ́ o: èyí tó ti yó, tó wú bí kóró lárà, kò wúlò, èyí tí kò tíì jẹun náà kò wúlò. Èyí tó tóbi tó ẹ̀wà, tó ṣì ń jẹun lọ́wọ́, ni itọ́ wà lẹ́nu rẹ̀.

Àwọn ìyàwó ilé ti jókòó ti àgùntàn. Ìyálé já ọ̀kan. Kó tó di pé a mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ó ti fi èékánná rẹ̀ méjèèjì tẹ̀ ẹ́: pá!

"Ẹ má pa á!" ọmọ mi ké.

"Háà, mo gbàgbé." Ó já òmíràn. Pá!

Ìyàwó kékeré náà já tirẹ̀. Pá! Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Láti kékeré ni wọ́n ti mọ̀ pé bí eégbọn bá kúrò lára ẹran, àárín èékánná ló ń lọ. Àtàǹpàkò wọn kò dúró gbọ́ àlàyé. Ẹ̀jẹ̀ ti ta sí aṣọ ìyálé, ọmọ mi fẹ́ sunkún, ó tún fẹ́ rẹ́rìn-ín.

Ìyá ló yanjú rẹ̀. Ó ní kí wọ́n gbé òun súnmọ́ wọn. Ó ní kí olúkúlùkù ká àtàǹpàkò sínú ọwọ́, kí ẹnikẹ́ni má já nǹkan kan. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n di ẹran mú, kí wọ́n tú irun, kí wọ́n nàka. Ọmọ mi nìkan ni yóò fi ẹ̀mú rẹ̀ rọra fà á kí ẹnu rẹ̀ má baà dá sínú awọ. Òun fúnra rẹ̀ di etí àgbò ńlá kan mú, ó ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ọmọ tí wọ́n ń fá lórí sọ̀rọ̀.

"Ẹ wo èyí níbí," ni ìyálé ń wí pẹ̀lú àtàǹpàkò tó ká sínú ọwọ́. "Èyí ti tó ẹ̀wà."

"Ó ti ju ẹ̀wà lọ. Ẹ̀pà nìyẹn."

"Ẹ̀pà wo? Ojú ń dùn ọ́ ni?"

"Ẹ jẹ́ kí dókítà sọ ọ́!"

"Ẹ̀wà ni," ọmọ mi wí, ó sì gbé e sínú ìgò.

Bí a ṣe ṣe é nìyẹn títí àwọn ìgò náà fi kún. Mo di àgùntàn mú títí apá fi ro mí. Ẹ̀ẹ̀kan, nígbà tí ọmọ mi tẹ̀ síwájú láti wo inú etí, ó fi ètè ìsàlẹ̀ sábẹ́ eyín bí ìyá rẹ̀ ti máa ń ṣe, mo sì rí i pé Ìyá náà rí i. Ó ní, "Di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú dáadáa, àna mi."

Kí a tó lọ, mo ṣèlérí pé n óò mú oògùn wá wẹ gbogbo wọn láàárín ọ̀sẹ̀ náà.

Ọmọ mi wọ ọkọ̀ Kùtọnu láti Sakẹ́tẹ́ lọ tààrà. Ó fi àpótí náà sórí itan, kò jẹ́ kí wọ́n gbé e sẹ́yìn ọkọ̀. Èmi padà sí Pobẹ̀, n kò sì lè jókòó lójú kan ní ọjọ́ kejì. Bó ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún mi, yóò fi ẹ̀yìn eégbọn kọ̀ọ̀kan lélẹ̀, yóò fi ọ̀pá gíláàsì tó tín-ín bí irun bò ó lẹ́nu, yóò fi oògùn díẹ̀ kán an, yóò wá máa dúró. Nígbà mìíràn wọ́n á tutọ́. Nígbà mìíràn wọ́n á kọ̀. Mo tan rédíò, mo pa á. Mo fọ àwo tó mọ́.

Ní ọ̀sán, fóònù mi dún.

"Bàbá! Wọ́n ti tutọ́!"

"Gbogbo wọn?"

"Ó tó, Bàbá. Ó tó lò, ó ṣẹ́kù. Mo ti kán an sórí àwọn sẹ́ẹ̀lì náà."

Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ ó tún pè. Níbi tí itọ́ ti kàn, àwọn sẹ́ẹ̀lì náà lọ́ra. Òun kò tíì mọ̀ bóyá ó rẹ̀ wọ́n ni àbí wọ́n kàn ń sinmi. Ọ̀gá rẹ̀ ti wá wò ó fúnra rẹ̀, ó sì ní kí òun máa bá iṣẹ́ lọ. Kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ gbígbé àyè fún ẹlòmíràn mọ́.

Mo sọ fún ọ̀rẹ́ mi ní Ìsàbà. Inú rẹ̀ dùn, inú sì bí i. "Sakẹ́tẹ́!" ó wí. "Kí ni wọ́n mọ̀ nípa eégbọn ní Sakẹ́tẹ́? Sọ fún ọmọ náà pé n kò ní fọ màlúù mi mọ́ láé."

Mo gbé oògùn lọ sí Sakẹ́tẹ́ bí mo ti ṣèlérí. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sọ fún Ìyá pé wọ́n tutọ́, pé iṣẹ́ ọmọ náà dúró. Ó ní kí n tún un sọ kí àwọn tó wà nínú ilé lè gbọ́. Mo tún un sọ.

"Tara àgbò ńlá yẹn ló tutọ́ jù, àbí?" ni ìyálé bèèrè láti ẹnu ọ̀nà.

Mo ní kò ní ṣàì rí bẹ́ẹ̀.

Ìyá tún aṣọ rẹ̀ ró. "Mo mọ̀," ó wí. "Eégbọn ilé wa kì í dójú tini."